Ẹni Tí Bàbá Mi Kò Tíì Yọ̀ǹda

Bí mo bá di ojú nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa láti Koumassi lọ sí Plateau ní Àbíjáǹ láàárọ̀, mo máa ń rí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lórí ọ̀sà. Oorun kọ́ o, nítorí ariwo ọkọ̀ yẹn kò lè jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ṣùgbọ́n mà á rí i kedere: òrùlé páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà, ilẹ̀kùn onígi tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, bàbá mi fúnra rẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó tẹrí ba síwájú maṣíìnì kan. Omi á máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá mi kò ní bojú wẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ wa bá ti fara kan èbúté, ṣọ́ọ̀bù á pòórá, èmi náà á gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mà á bá èrò sọ̀kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà ti tì báyìí. Ilé ṣì wà níbẹ̀ ní Ẹjìgbò, ilẹ̀kùn ṣì wà, ṣùgbọ́n àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí maṣíìnì kankan nínú ibẹ̀ mọ́. Bó ṣe tì, àti bí títì rẹ̀ ṣe bá mi níhìn-ín ní ìlú onílùú, ni mo fẹ́ sọ.

Maṣíìnì ìránṣọ ni bàbá mi ń tún ṣe. Télọ̀ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Wọ́n máa ń gbé maṣíìnì sórí ọ̀kadà wá bá a láti abúlé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á dì í mọ́ra bí aláìsàn. Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, èmi obìnrin yìí náà ni mo ní kó kọ́ mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sá fún gíríìsì, wọ́n ní ó ń ba ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, bàbá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Á ní kí n jókòó, kí n kọ ẹ̀yìn sí maṣíìnì, kí n gbọ́ ọ. Á fi ẹsẹ̀ wà á díẹ̀, á bi mí pé kí ló ń ṣe é. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, á ní kí n dákẹ́, kí n tún gbọ́. Nígbà tí mo fi lo ọdún kan, mo lè jókòó sínú ilé ìdáná kí n sọ fún ìyá mi pé maṣíìnì tó wà níwájú bàbá lónìí, òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò fà dáadáa.

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. O lè mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá rẹ lọ. Bí ọ̀gá kò bá tíì pe ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n gbé obì àti mínírà kalẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí ó ní máa lọ, iṣẹ́ yìí á gbè ọ́, ọmọ iṣẹ́ lo ṣì jẹ́. Fírídọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá gbà á, tó wá lọ ń dá iṣẹ́ ṣe, wọ́n á máa fojú olè wò ó, àwọn àgbà á sì sọ pé iṣẹ́ náà kò ní gbè é láéláé.

Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn. Mo lo ọdún mẹ́fà. Àwọn tí èmi gan-an kọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú gba ìyọ̀ǹda lójú mi, èmi ni mo sì ń gbé mínírà wọn yíká fún àlejò. Bí mo bá béèrè tèmi, bàbá mi á ní, "Ìwọ? Ibo lò ń kánjú lọ?" Ìyá mi ní ìfẹ́ ni. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó so ènìyàn mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí okùn. Nígbà tí ọdún keje fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo parọ́ fún un. Mo ní mò ń lọ kí ìbátan ìyá mi kan ní Àbíjáǹ, pé ọ̀sẹ̀ méjì ni n ó lò. Kò wò mí. Ó ní kí n bá òun gbé agolo òróró súnmọ́ òun kí n tó lọ. Mo gbé e súnmọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti di ọdún mẹ́jọ.

*

Ìbátan ìyá mi tí mò ń wí yìí, Tantie Salamọ̀tù là ń pè é. Wọ́n bí i sí Àbíjáǹ, ó lọ ilé ìwé wọn, ilé rẹ̀ sì wà ní Koumassi Remblais, nínú àgbàlá kan tí ìdílé mẹ́rin jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Mo ti rò pé níwọ̀n ìgbà tí ará Ẹjìgbò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Àbíjáǹ, Ẹjìgbò mìíràn ni mò ń lọ, tó kàn jẹ́ pé omi yí i ká. Tantie la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo mọ̀ pé mo ti ṣìnà.

"Ma fille, káàbọ̀. Jókòó là-bas. Tu as mangé? Ṣé o ti... voilà, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ojú ẹ ti sọ fún mi."

Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń gbọ́, títí kan òwe. Bó bá fẹ́ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, á gba ilé àwọn Faransé kọjá, kó tó tún padà wá bá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ kí ìyàwó onílé. Obìnrin náà pariwo, ó fa apá mi sókè, ó sáré bu omi wá. Ó rò pé oòyì ló gbé mi ṣubú. Tantie rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mò ń kí gbogbo ènìyàn, eékún mi sì pẹ́ kí ó tó gbà.

Wọ́n ní orúkọ kan fún wa níhìn-ín. Ẹni tí mi ò rí rí á pàdé mi lọ́nà, á ní "Anango!" bí ẹni pé òun ló sọ mí lórúkọ. Yorùbá ló ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí èébú nínú rẹ̀, ó sábà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń pè é. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ọmọ Bàbá Onímaṣíìnì ní Ẹjìgbò, mo tún wá di Anango ní Koumassi, tó fi jẹ́ pé Tantie nìkan ló ń pe orúkọ tí ìyá mi fún mi, òun náà kì í sì í fi àmì rẹ̀ síbi tó yẹ.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́, inú gbaka ló ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Yopougon. Fún oṣù kan gbáko, bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mà á dúró kí ẹlòmíràn tó sọ̀kalẹ̀, kí n lè bá a bọ́ọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kó gbogbo ìgboyà mi jọ, mo ní, "Descend!" Ọkọ̀ ńlá náà dúró nítorí èmi nìkan. Ibi tí mò ń lọ ṣì jìnnà. Mo sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín, inú mi ń dùn bí ti ẹni tó ra ilé.

*

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni gbígbá ilẹ̀. Ilé ìránṣọ kan ní Yopougon ni, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Madame ló ni ín. Maṣíìnì méjìlá ló wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń kó ègé aṣọ jọ, mò ń fọ ilẹ̀, mò ń lọ ra attiéké, oúnjẹ wọn tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wá fún àwọn aránṣọ ní ọ̀sán. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan nípa maṣíìnì. Mi ò sọ.

Ẹ má rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìyà ni. Etí tí bàbá mi fi ọdún kan ṣí kò ṣeé dí mọ́. Bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárín maṣíìnì méjìlá yẹn, mo ń gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn wà láàárín ọmọdé tó ń sunkún. Ọ̀kan ń fẹ́ òróró. Òmíràn, bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀. Mẹkáníìkì tí Madame máa ń pè á dé, á ṣí ìdérí, á wò ó bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, á dé e padà, á lọ. Èmi á máa gbálẹ̀ ní tèmi. Bí mo bá fẹ́ nawọ́, mo máa ń rí ojú bàbá mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà jẹ́ oníṣẹ́?

Lọ́jọ́ kan ni ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi. Maṣíìnì Affoué, aránṣọ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ti ń ké láti ọjọ́ mẹ́ta, Affoué náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo wọn jáde lọ jẹun ọ̀sán. Mo jókòó, mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo yọ òwú tó ti wé mọ́ inú rẹ̀ bí irun, mo kán òróró sí i, mo dè é padà. Kò gbà mí ní àkókò púpọ̀. Nígbà tí Affoué dé, tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ó wò yíká.

"Hé! Ta ló fọwọ́ kan maṣíìnì mi?"

"C'est venu seul," ni mo dá a lóhùn. Pé ó dára fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ maṣíìnì yẹn gún Affoué ní ìka. Mo mọ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ gún ènìyàn ní ilé ìránṣọ kò sọ ohun tuntun. Affoué fi ìka sẹ́nu, ó fi aṣọ wé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó tilẹ̀ ń kọrin. Èmi ni mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo sá lọ sẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ tí wọn kò yọ̀ǹda ni mo ṣe, ẹlòmíràn ló ṣẹ̀jẹ̀ fún un. Mi ò tún fọwọ́ kan ọ̀kankan mọ́.

*

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi ló ń gbé fóònù. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti di oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí láti gbọ́ fóònù, ṣọ́ọ̀bù sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ìyá mi á wà níwájú, iṣẹ́ bàbá mi á wà lẹ́yìn. Mà á máa gbọ́ ọ bó ṣe ń fi òòlù kékeré lu irin, bó ṣe ń wa maṣíìnì wò, bó ṣe ń dá a dúró. Mo mọ ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lójú. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní Koumassi, mo fi fóònù sí etí, mo sì ń tún maṣíìnì ṣe pẹ̀lú rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀, àbí maṣíìnì?" ni ìyá mi máa ń bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Màmi."

"Kí ni mo wá sọ gbẹ̀yìn?"

Mà á bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ.

Bó ṣe di ọjọ́ Àìkú kan nìyẹn, mo pe, ìyá mi gbé e, ó ń kí mi, ó ń béèrè Tantie, ó ń béèrè òjò. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, kò sí nǹkan. Adìyẹ kan ń ké ní ọ̀nà jíjìn.

"Màmi, Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Mi ò gbọ́ ìró wọn."

Ó ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ kẹta rèé tí bàbá mi dìde lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Apá ọ̀tún ló mú, láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ti gbé e bọ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ó dá gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ jáde mọ́.

Mo ní n ó wálé. Ìyá mi ní kí n dúró, pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà nítòsí, pé ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ fún oògùn yóò wúlò ju ẹkún mi lọ. Mo tètè gbà. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí.

Tantie Salamọ̀tù bá mi nídìí ẹ̀rọ omi.

"Padà sílé, ma fille. Lọ rí papa ẹ."

"Bí mo bá dé ibẹ̀, tó wò mí, tí kò gbé ọwọ́ lé mi lórí ńkọ́?"

"Ọwọ́? Ọwọ́ wo?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti obì àti mínírà, ti ọdún mẹ́fà, ti maṣíìnì Affoué. Tantie ti ọpọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó.

"Níbí, c'est papier. Diplôme. Ẹ̀yin, ọwọ́ ni." Ó ronú sí i díẹ̀. "Papier, on peut refaire. O lè lọ gba òmíràn. Mais ọwọ́..."

Ó tún fa ọpọ́n rẹ̀ súnmọ́ra.

*

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù yóò tì. Kò sí ẹni tó lè jókòó tì í. Súlíyá, ọmọ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, tó ti bímọ méjì kó tó wá kọ́ṣẹ́, ti ń ṣe ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ilé ọkọ rẹ̀ jìnnà, òun náà ní láti gba ìyọ̀ǹda kó lè dá dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá maṣíìnì olúkúlùkù padà fún un. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pe, ìyá mi á ní àwọn ará ibi báyìí ti wá gbé tiwọn. Bàbá mi á wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n dá fún títì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ atúnmaṣíìnì-ṣe yóò wá, wọ́n yóò gbàdúrà, wọ́n yóò yọ̀ǹda Súlíyá. Mo mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún mi. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì, kò sí ọ̀gá mọ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù síta, ó ṣẹ́ kù síta nìyẹn. Mo bẹ ìyá mi pé kó bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣe tèmi pọ̀ mọ́ ọn, orí fóònù ni n ó kúnlẹ̀ sí.

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni ní Yopougon. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìránṣọ, láàárín àpò ègé aṣọ, mo fi fóònù ti bíríkì, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Fídíò ni ìyá mi fi pè mí, mo sì rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo rí bàbá mi. Ó ti rù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Súlíyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá Alága ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín gbàdúrà fún un?" Bàbá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi bá a gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé Súlíyá lórí, Alága gbàdúrà, gbogbo wọn ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe àmín láàárín ègé aṣọ.

Ìyá mi wá gbé fóònù dé iwájú bàbá mi. "Ó ku ẹnìkan," ni mo gbọ́ tó wí. "Ọmọ yín tó wà ní Àbíjáǹ."

"Ọ̀gá," ni Alága wí, "ṣé kí n gbà á fún òun náà?"

Bàbá mi wò mí. Ọdún kẹjọ ni, ó sì wò mí títí. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e, ó sì fi ti fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Páànù òrùlé ni mo rí lẹ́yìn náà, àti ohùn Alága tó ń sọ pé, "Ó dáa, Ọ̀gá, ó dáa. A ò ní fipá ṣe é."

Affoué ti dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́.

"C'est comment? Ṣé ẹnìkan kú ni?"

Mo ní rárá, kò sẹ́ni tó kú. Mo dìde, mo gbé ìgbálẹ̀ mi.

*

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Òsì nìkan ló kù fún bàbá mi, òun náà ló sì fi tì mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, mo gbé e bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìkùukùu máa ń wà lórí ọ̀sà ní àsìkò yẹn, àwọn ilé gíga Plateau á dúró nínú rẹ̀ láìní ẹsẹ̀. Ó wá ń jọ mí lójú pé bí èmi náà ṣe wà nìyẹn. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ilé bá wá ti ilẹ̀kùn, oko ni ènìyàn á máa sùn sí, àbí ibo? Àwọn tí wọ́n bí síbí ní ìlú wọn. Àwọn ará ilé ní tiwọn. Èmi ní ọkọ̀ ojú omi.

Inú bí mi sí bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ènìyàn kì í bínú sí aláìsàn, èmi bínú. Ìyá mi ní bóyá kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í yé. Mo ní ó yé e, Màmi. Òun náà mọ̀ pé ó yé e.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, mo ń sá aṣọ sórí okùn nínú àgbàlá Tantie, kò tíì tó àkókò tí mo máa ń pe ilé, fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Ọwọ́ rẹ dilẹ̀?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí. Fara balẹ̀. Ìyá Mojí ló gbé maṣíìnì rẹ̀ dé láàárọ̀. Mo ní a ti tì. Bàbá rẹ ṣe àmì pé kí n gbé e súnmọ́ òun. Ó fi ọwọ́ òsì yí i lẹ́ẹ̀kan, ló bá ń nawọ́ sí fóònù. Mo fẹ́ pe Alága, ó mi orí. Mo fẹ́ pe Súlíyá, ó tún mi orí, inú ti ń bí i. Ó wá tọ́ka sí fọ́tò rẹ lára ògiri."

Ìyá Mojí gba fóònù. Télọ̀ ni, ó ti ń rán aṣọ kí wọ́n tó bí mi, ó dàgbà ju ìyá mi lọ dáadáa.

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá rẹ ní ìwọ ni kí n bi. Maṣíìnì mi ni, ó ń kan nǹkan nínú, ó ń gé òwú."

Mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo fẹ́ sọ fún un pé wọn kò tíì yọ̀ǹda mi, pé kó lọ bá Alága. Ẹni tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni náà ló sì ní kí wọ́n pè mí.

"Ẹ wà á kí n gbọ́ ọ," ni mo wí.

Mo kọ ẹ̀yìn sí àgbàlá, mo di ojú. Ó wà á. Nínú ìró náà, mo gbọ́ ohun kékeré kan tó ń kan irin ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dúró. Ẹ má fi ẹsẹ̀ wà á mọ́. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀."

"Bàbá rẹ ló ń yí i," ni ìyá mi wí láti ẹ̀yìn.

Mo ń gbọ́ ọ. Ó ń yí i jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń yí i láyé àtijọ́. Nígbà tó dé ibi tí irin ti ń kan irin, ó dúró. Kò yí i kọjá. Kò yí i padà. Ó dá a dúró síbẹ̀ fún mi.

"Abẹ́rẹ́ ni," ni mo wí. "Kò wọlé tán. Ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ tì í sókè títí kó fi kan orí, kí ẹ tó dè é padà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, tí mo rí i pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lè ṣe é. Ọwọ́ òsì bàbá mi tó o, ó sì ṣẹ́ kù. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe maṣíìnì yẹn nígbà tó kọ́kọ́ yí i, ó sì jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo bá ìyá mi jà títí ó fi pè mí.

Ìyá Mojí tún wà á. Ó ń lọ geere.

"Ó ti ṣe," ni obìnrin náà wí. Ó lè jẹ́ pé bàbá mi wò ó, mi ò mọ̀, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ohùn rẹ̀ yí padà, èmi tó pè lọ́mọ tẹ́lẹ̀ ló sì ń kí. "Ẹ ṣé o, Ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Nínú àgbàlá Remblais, lórí omi ọṣẹ, níṣojú ìyàwó onílé tó tún ń sáré bọ̀ wá gbé mi dìde, mo kúnlẹ̀, mo sì ń sunkún, mi ò lè dá obìnrin náà lóhùn. Ìyá mi ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má tíì pa á o," ni ó wí. "Gbogbo àwọn tí mo dá padà lọ́sẹ̀ yìí, bàbá rẹ ṣe àmì pé kí n ránṣẹ́ pè wọ́n. Àwọn mẹ́ta wà níbí tí wọ́n ń dúró dè ọ́."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi. Mo ní kí ẹni tó kàn gbé tirẹ̀ súnmọ́ fóònù.